Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́: Ohun tó yẹ kí onímọ́tò Ìyànà Ìbà mọ̀ kó tó pààrọ̀ tọ́bò

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Òwe yìí gan-an ló yẹ kó wà lọ́kàn gbogbo ọ̀dọ́ tó ní mọ́tò eléré, tó sì ń wá tọ́bò tó tóbi ju èyí tí iléeṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà fi sínú rẹ̀ lọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn gbà gbọ́ ni pé bí tọ́bò bá ṣe tóbi tó ni ọkọ̀ yóò ṣe sáré tó. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Tọ́bò tó bá tóbi ju ẹ́ńjìnnì lọ máa ń sọ ọkọ̀ tó ń ta pọ́ún-pọ́ún tẹ́lẹ̀ di ọkọ̀ tó ń wọ́ tuurutu, yóò sì sọ owó olówó di eruku.

Ìyànà Ìbà, lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì, jẹ́ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí kàn gbọ̀ngbọ̀n. Bí èèyàn bá dúró ní oríta náà, níbi tí ọ̀nà tó lọ sí Ìgándò ti ya kúrò lójú márosẹ̀, yóò ti máa gbọ́ ohùn tọ́bò kó tó mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohùn bíi fèrè tí tírélà àti táńkà máa ń fun bí wọ́n bá ń gbéra nílẹ̀ pẹ̀lú ẹrù, tọ́bò ni. Ohun kan náà yìí ló wà nínú àwọn ọkọ̀ kéékèèké tòkunbọ̀ bíi Golf, Passat àti Audi tí àwọn ọ̀dọ́ Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomáíkò fẹ́ràn láti máa gùn.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò kò sì ṣàjèjì ní agbègbè yìí. Ní ọdún 1975 ni iléeṣẹ́ Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní ojú ọ̀nà márosẹ̀ yìí kan náà, níbi tí ọkọ̀ tí àwọn èèyàn wa ń pè ní Ìjàpá ti ń jáde. Títí di òní, Volks ni àwọn kọ́ńdọ́kítọ̀ ṣì ń pe ibùdókọ̀ tó wà níbẹ̀. Bí èèyàn bá sì ń lọ síhà Máìlì Kejì, yóò kan ọgbà Trade Fair, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 1977, tó ti wá di ojúkò ọjà àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí ASPAMDA. Èyí fi hàn pé ẹni tó bá ń gbé ní Ìyànà Ìbà kò ní rìn jìnnà kó tó rí tọ́bò rà. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni bí yóò ṣe mọ èyí tó yẹ kó rà.

Báwo ni tọ́bò ṣe ń ṣiṣẹ́?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ìyẹn ná. Afẹ́fẹ́ àti epo ni ẹ́ńjìnnì ń jẹ. Bí afẹ́fẹ́ tó wọ inú sílíńdà bá ṣe pọ̀ tó ni epo tó lè jó níbẹ̀ yóò ṣe pọ̀ tó, ibẹ̀ sì ni agbára ti ń wá. Fáànù méjì ló wà lára tọ́bò, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló so wọ́n pọ̀. Èéfín gbígbóná tó ń jáde lọ sínú sálẹ́ńsà ló ń yí fáànù àkọ́kọ́, èkejì yóò wá máa fa afẹ́fẹ́ láti ìta, yóò sì máa tì í sínú ẹ́ńjìnnì tagbára-tagbára. Agbára tó fi ń tì í yìí ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní boost, psi ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n.

Irin tó so fáànù méjèèjì pọ̀ yìí máa ń yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, ti àwọn tọ́bò kéékèèké a sì máa ju 200,000 lọ nígbà mìíràn. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ló gbé e dúró. Bí ọ́ìlì náà bá dọ̀tí, tí kò tó, tàbí tó jẹ́ ayédèrú, kò ní pẹ́ tí tọ́bò yóò fi kọṣẹ́.

Ọmọ orílẹ̀-èdè Switzerland kan, Alfred Büchi, ló gba ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n yìí ní ọdún 1905. Nígbà tó di 1962, iléeṣẹ́ General Motors ní Amẹ́ríkà gbé ọkọ̀ Oldsmobile Jetfire jáde, ọ̀kan lára àwọn ọkọ̀ ilé àkọ́kọ́ tó ní tọ́bò. Wọ́n fi ìkòkò omi pàtàkì kan sínú rẹ̀, omi tí wọ́n pò mọ́ methanol, kí ooru má baà ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ra ọkọ̀ náà kò rántí bu omi yìí sí i, ìyọnu sì pọ̀ débi pé wọ́n dáwọ́ ọkọ̀ náà dúró ní 1963.

Ìgbà tí iléeṣẹ́ Saab ti ilẹ̀ Sweden gbé Saab 99 Turbo wá sọ́jà ní 1978 ni àwọn èèyàn tó rí i pé tọ́bò lè bá ọkọ̀ ilé gbé. Ẹ́ńjìnnì lítà 2 ló wà nínú rẹ̀, agbára rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹṣin 145. Kí ni Saab ṣe tó fi yọrí sí rere? Tọ́bò kékeré tí kì í pẹ́ jí ni wọ́n lò, wọ́n sì ṣe ojú ọ̀nà kékeré kan tí èéfín tó bá pọ̀jù yóò máa gbà jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní wastegate. Wọn kò wá agbára tó pọ̀ jù lọ, agbára tí awakọ̀ lè lò lójú títì lójoojúmọ́ ni wọ́n wá. Ẹ̀kọ́ tó yẹ kí onímọ́tò Ìyànà Ìbà kọ́ nìyẹn.

Ìṣirò tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe kẹ́ ẹ tó lọ sọ́jà

Ẹ jẹ́ ká fi ọkọ̀ kan tí gbogbo èèyàn mọ̀ ṣe àpẹẹrẹ, ìyẹn Golf 4 GTI tó ní ẹ́ńjìnnì 1.8T. Lítà 1.8 ni ẹ́ńjìnnì náà. Bó bá yí lẹ́ẹ̀mejì ló máa ń mí lẹ́ẹ̀kan. Tó bá ń yí ní ìgbà 6,000 ní ìṣẹ́jú kan, a jẹ́ pé ó mí ní ìgbà 3,000 nìyẹn. Ẹ sọ 1.8 di ìlọ́po 3,000, yóò fún yín ní lítà afẹ́fẹ́ 5,400. Lítà afẹ́fẹ́ kan wọn nǹkan bíi gíráàmù 1.2, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ kílò mẹ́fà ààbọ̀ ní ìṣẹ́jú kan.

Òdiwọ̀n kan wà tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ń lò: kílò afẹ́fẹ́ kan ní ìṣẹ́jú kan lè fún ẹ́ńjìnnì epo bẹntiróòlù ní agbára tó tó ti ẹṣin 20. Kílò mẹ́fà ààbọ̀ yóò wá jẹ́ ẹṣin 130. Ẹ ò rí i pé ìṣirò yìí kò jìnnà sí òótọ́? Irú ẹ́ńjìnnì 1.8 yìí kan náà tí kò ní tọ́bò, tí Volkswagen fi sínú àwọn Golf 4 mìíràn, ẹṣin 125 ni agbára rẹ̀.

Ká wá ní ẹni tó ni GTI yìí, tí ọkọ̀ rẹ̀ jáde láti iléeṣẹ́ pẹ̀lú ẹṣin 150, fẹ́ kí ó di 220. Kílò afẹ́fẹ́ 11 ló nílò ní ìṣẹ́jú kan. Lórí ìwé, psi 10 yóò gbé e débẹ̀. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí a tì pọ̀ máa ń gbóná, afẹ́fẹ́ gbígbóná kì í wúwo, sílíńdà kì í sì í kún dẹ́nu. Nítorí náà, psi 14 tàbí 15 ni yóò nílò lójú ayé. Tọ́bò tó lè gbé kílò 11 sí 13 lọ ní psi 15 ló yẹ kó wá, kò yẹ kó wá èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá bíi Garrett àti BorgWarner máa ń ya àwòrán tó fi iye afẹ́fẹ́ tí tọ́bò wọn lè gbé hàn. Ẹni tí kò bá lè ka àwòrán náà fúnra rẹ̀, kó gbé e fún ẹni tó lè kà á kó tó sanwó.

Bí tọ́bò bá tóbi jù ńkọ́?

Àtàrí àjànàkú kì í ṣe ẹrù ọmọdé. Tọ́bò tó lè gbé kílò afẹ́fẹ́ 25, èyí tó tó ti ẹṣin 500, nílò èéfín púpọ̀ kí fáànù rẹ̀ tó lè yí dáadáa. Ẹ́ńjìnnì lítà 1.8 kò lè pèsè irú èéfín bẹ́ẹ̀ àfi bó bá ń yí ju 4,500 lọ. Ẹ wá wo ojú ọ̀nà wa. Láti Máìlì Kejì títí dé Okokomáíkò, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ṣé ọkọ̀ ń rí àyè kó yí tó bẹ́ẹ̀? Láàárín 1,000 sí 2,500 ni ẹ́ńjìnnì máa ń wà. Ẹni tó ra tọ́bò ńlá yóò máa tẹ tọ́tùù, ọkọ̀ kò ní dá a lóhùn, dánfó yóò sì máa fò ó kọjá. Nígbà tí agbára náà bá wá dé lójijì, ó lè jẹ́ ẹ̀yìn ọlọ́kadà ni yóò bá ara rẹ̀.

Yàtọ̀ sí èyí, bí fáànù bá ń ti afẹ́fẹ́ tó ju èyí tí ẹ́ńjìnnì lè gbé mì lọ, afẹ́fẹ́ náà yóò máa dà padà sẹ́yìn. Ẹ ó máa gbọ́ ohùn bíi ti ẹni tó ń wúkọ́. Àwọn ọ̀dọ́ kan fẹ́ràn ohùn yìí, wọ́n rò pé agbára ló ń sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ pé nígbà tí ẹsẹ̀ yín ṣì wà lórí tọ́tùù ló ń ké bẹ́ẹ̀, tọ́bò ló ń kérora.

Fún GTI tí a fi ṣe àpẹẹrẹ, K03 ni tọ́bò tó bá a jáde. Ẹ̀gbọ́n K03 ni K04. Volkswagen àti Audi fúnra wọn ló fi K04 sínú Audi TT tó ní ẹṣin 225, ẹ́ńjìnnì 1.8 kan náà ló sì wà nínú rẹ̀. Kẹ́ ẹ kíyè sí i pé oríṣi K04 ju ẹyọ kan lọ: òmíràn wà tó lè jókòó síbi tí K03 ti kúrò, ti Audi TT kò sì lè jókòó síbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ pààrọ̀ àwọn nǹkan mìíràn. Nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ ni kẹ́ ẹ béèrè, ẹ má fi orúkọ nìkan rà á.

Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á

Nígbà tí Audi fẹ́ kí TT ní ẹṣin 225, kì í ṣe tọ́bò nìkan ni wọ́n yí padà. Wọ́n fi ohun tó ń tu afẹ́fẹ́ lára, tí wọ́n ń pè ní intercooler, méjì sí i dípò ẹyọ kan, wọ́n sì fi ìnjẹ́kítọ̀ tó tóbi jù sí i. Ẹni tó bá ra tọ́bò láìra àwọn nǹkan wọ̀nyí dà bí ẹni tó ra ẹṣin tí kò ra koríko. Afẹ́fẹ́ yóò pọ̀, epo kò ní tó o, iná inú sílíńdà yóò gbóná kọjá ààlà, písítìn yóò sì yọ́. Bí owó ọwọ́ yín bá jẹ́ iye tọ́bò gẹ́lẹ́, a jẹ́ pé owó náà kò tíì tó.

Kọ̀ǹpútà ọkọ̀, tí àwọn rewáyà wa ń pè ní brain box, náà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé nǹkan ti yí padà. Wọ́n ní láti tún un kọ fún tọ́bò tuntun. Ibí yìí ni ewu ńlá kan fara pamọ́ sí. Ọ̀pọ̀ ètò tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní Yúróòpù, epo RON 95 tàbí 98 ni wọ́n gbé e lé. Òdiwọ̀n epo bẹntiróòlù tiwa wà ní nǹkan bíi RON 91. Epo tí òdiwọ̀n rẹ̀ bá kéré máa ń gbiná ṣáájú àkókò bí afẹ́fẹ́ bá ti pọ̀jù, ẹ ó sì máa gbọ́ ìró kọ́ọ́-kọ́ọ́ bí ìgbà tí wọ́n ń mi òkúta nínú agolo. Ẹ sọ fún ẹni tó fẹ́ kọ ọ́ pé epo Nàìjíríà ni ọkọ̀ yín yóò máa mu, kó sì dín boost kù. Ẹṣin 200 tó pẹ́ sàn ju 240 tó bú gbàmù ní ọ̀sẹ̀ kejì lọ.

Lẹ́yìn náà ni bíréèkì, kílọ́ọ̀ṣì àti táyà. Kò bọ́gbọ́n mu kí èèyàn fi agbára kún ọkọ̀ tí kò lè dúró dáadáa. Bó bá ṣeé ṣe, bíréèkì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún ṣe.

Tòkunbọ̀ tàbí tuntun?

Ọ̀pọ̀ nínú wa, tòkunbọ̀ ni apá wa ká. Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ là ojú yín sílẹ̀. Ẹ di irin àárín fáànù náà mú, kẹ́ ẹ fà á síwá-sẹ́yìn. Bó bá mì bẹ́ẹ̀, kódà díẹ̀ báyìí, ẹ gbé e sílẹ̀. Bó bá mì díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, ìyẹn kò burú, níwọ̀n ìgbà tí abẹ́ fáànù kò bá ti ha ara ilé rẹ̀. Ẹ wo etí abẹ́ náà bóyá ó ti gé tàbí ó ti tẹ̀. Ẹ ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ bóyá ọ́ìlì ti rin ún gbinigbini. Ẹ wo bébà tàbí irin tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí. Tuntun tí wọ́n ń tà ní owó pọ́ọ́kú, tí kò ní nọ́ńbà tàbí tí lẹ́tà orúkọ rẹ̀ dàrú, ayédèrú ni.

Kókó kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò. Kí ló pa tọ́bò àkọ́kọ́? Ní ọdún 2004, Volkswagen àti Audi ní Amẹ́ríkà sún àkókò tí wọn yóò fi ṣe onígbọ̀wọ́ ẹ́ńjìnnì 1.8T inú Passat àti Audi A4 síwájú di ọdún 8, nítorí pé ọ́ìlì ń dì gbàgìdì nínú àwọn kan lára wọn. Bí Passat yín bá jẹ́ ti ọdún 1998 sí 2004, tó sì ti Amẹ́ríkà wá, ọ̀rọ̀ náà kàn yín gbangba. Bí ọ́ìlì tó ti dì bá di páìpù tín-ín-rín tó ń gbé ọ́ìlì lọ sí tọ́bò, èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà yóò kú bíi ti àkọ́kọ́, ó tilẹ̀ lè má lò tó oṣù kan. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì tú abẹ́ ẹ́ńjìnnì, kó fọ̀ ọ́, kó pààrọ̀ páìpù ọ́ìlì náà pẹ̀lú tuntun, kó tó de tọ́bò mọ́ ọn.

Lẹ́yìn èyí, ọ́ìlì síńtẹ́tíìkì tó dára ni kẹ́ ẹ máa lò, kẹ́ ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ kó tó kọjá kìlómítà 5,000. Ẹ má yọ fíltà afẹ́fẹ́ sọnù nítorí ohùn. Eruku ojú ọ̀nà márosẹ̀ wa pọ̀, òkúta bíńtín kan sì tó láti ba fáànù tó ń yí ní ìgbà 100,000 jẹ́. Bẹ́ ẹ bá sì sáré dé ilé, ẹ má pa ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kó dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kí ara tọ́bò lè tutù.

Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kò ní tọ́bò rí ńkọ́?

Àwọn tó ní Corolla tàbí Camry máa ń béèrè bóyá wọ́n lè fi tọ́bò sí i. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kì í sábà mérè wá. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe láìsí tọ́bò sábà máa ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú sílíńdà ju ti ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ tó ní tọ́bò lọ, wọn kò sì ṣe písítìn rẹ̀ fún irú wàhálà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ bá fi máa ra gbogbo ohun tó yẹ, owó náà lè ti tó láti fi ra ọkọ̀ tó bá tọ́bò jáde láti iléeṣẹ́.

Ẹ má sì gbàgbé òfin. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, fi ìwọ̀n eré ọkọ̀ aládàáni sí kìlómítà 100 ní wákàtí kan lójú ọ̀nà márosẹ̀, àti 50 láàárín ìlú. Ìyànà Ìbà jẹ́ márosẹ̀, ó sì tún jẹ́ àárín ìlú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LASU ń sọdá níbẹ̀, àwọn ìyá ọlọ́jà ń sọdá, àwọn ọmọ iléèwé náà ń sọdá. Kò sí tọ́bò tó lè dá ẹ̀mí ẹnikẹ́ni nínú wọn padà.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ tọ́bò, kó kọ́kọ́ jókòó pẹ̀lú bírò àti ìwé. Kó kọ iye agbára tó fẹ́, kó ṣírò afẹ́fẹ́ tí yóò nílò, kó wo ojú ọ̀nà tó ń gbà lójoojúmọ́, kó wo epo tó ń rà, kó sì ka owó tó wà lápò rẹ̀. Tọ́bò tó bá bá gbogbo rẹ̀ mu ni kó lọ rà, kódà bó bá kéré lójú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ̀sọ̀, ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi, kì í sì í já bọ́.